Nígbà Tí Eré Ń Wá Bá Wa Nílé

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òṣèré tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, àti ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fara ti ògiri lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, mo kí gbogbo yín, ẹ kú àpéjọ o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tí ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n ṣe gbilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe pòórá lójú wa. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe mi, nítorí pé ọmọdé ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yìí, àti pé gbogbo ohun tí mo kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni mo fi ń wọ̀n wọ́n.

Ìlú kékeré ni ìlú wa. Kò sí sinimá níbẹ̀, iná mànàmáná kò sì tíì dé. Ohun tí a ní ni gbọ̀ngàn ìlú kan tí wọ́n fi páànù bò, tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n ti ń dìbò, tí wọ́n sì ń kó àpò kòkó pamọ́ sí nígbà ìkórè. Ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ bá ti ta kòkó tán, ẹgbẹ́ òṣèré kan á wọ ìlú. Etí ni a fi ń kọ́kọ́ mọ̀. Bí a bá wà ní kíláàsì lọ́sàn-án, tí ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ọ̀nà jíjìn, tí ohùn kan sì ń jáde láti inú gbohùngbohùn tí wọ́n dè mọ́ orí ọkọ̀, olùkọ́ wa pàápàá á dá ọwọ́ dúró lójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ohùn náà á fi kọjá.

Orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sí ara ọkọ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á jókòó lé ẹrù lẹ́yìn, wọ́n á máa lùlù, wọ́n á máa kọrin, ọ̀kan nínú wọn á sì máa ju bébà ìpolongo sílẹ̀, èyí tó pupa àti èyí tó ní àwọ̀ ewé. A máa ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà títí dé ibi tí ilé parí sí, a ó sì máa du bébà yẹn bí ẹni ń du owó. Bébà 19 ni mo ti kó jọ sínú àpótí aṣọ mi kí ìyá mi àgbà tó fi wọ́n dáná ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti pa igi ìdáná. Mo sunkún ọjọ́ náà, ìyá àgbà sì bẹ̀ mí, ohun tí n kò rí i kí ó ṣe fún ọmọdé rí.

Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 9, mo yọ́ gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ eré kan. Ọkùnrin kan jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán etí agbádá sányán kan tó ti ya. Adé kan wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó dáadáa. Páálí ni wọ́n gé, tí wọ́n fi bébà dídán inú páálí sìgá lẹ̀ yí po. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ iwájú rẹ̀, hóró ìdò ni, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa, ọ̀dà náà sì ti ṣí lára méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn. Ọkùnrin náà kò lé mi. Ó ní, “Ọmọ dáadáa, bá mi bu omi wá.” Mo bu omi nílé tó wà nítòsí, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e fún un. Nígbà tó mu ún tán, ó bi mí pé, “Ṣé àwọn ará ìlú yín máa ń rẹ́rìn-ín?” Mo ní, “Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín gan-an, sà.” Ó ní, “Ó dára. Ìlú tí a ti ń bọ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá.” Ó rán ojú aṣọ díẹ̀ sí i, ó wá tún bi mí pé, “Ta ni wọ́n máa ń sọ pé ó lahun jù lọ níbí?” Mo sọ ìnagijẹ ọkùnrin kan fún un, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kà-á-kó-o-tó-sùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n máa lọ sílé kí wọ́n má baà wá mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwa ọmọdé ru àpótí ìjókòó lórí lọ sí gbọ̀ngàn, nítorí pé ẹni tí kò bá gbé àpótí wá, ìdúró ni yóò fi wòran. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Wọ́n ṣe ìjúbà, wọ́n jó ijó ìṣíde, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ẹgbẹ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú aṣọ kan náà, ìlù sì ń dún sí wa láyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká aṣọ ìkélé, ọkùnrin orí odó náà sì jáde bí ọba. Mo mọ̀ pé páálí ni adé rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, nígbà tó ju ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó sì pe orúkọ ìjòyè tó dalẹ̀, ara mi gbọ̀n, mo sì sá sẹ́yìn ìyá mi.

Kò pẹ́ tí ọba náà fi bá ìjòyè kan wí nítorí ahun, ó ní ahun rẹ̀ pọ̀ tó ti Bàbá Kà-á-kó-o-tó-sùn. Ẹ wo gbọ̀ngàn! Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń nàka sí bàbá náà níbi tó jókòó sí, òun fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún olorì ní májèlé mu, ọ̀pọ̀ obìnrin kígbe pọ̀ pé, “Má mu ún o!” Olorì náà dá ọwọ́ dúró, ó kọjú sí wọn, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, kí ni ẹ rí tí èmi kò rí?” Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un. Ní àárín àlàyé yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ kú, òkùnkùn sì bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Ọba kò dákẹ́. Nínú òkùnkùn yẹn ni a ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ tó wà ní ààfin òun ló mú kí oòrùn wọ̀ lójijì, pé kí gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gbé iná wá. Àwọn tí ilé wọn wà nítòsí jáde, wọ́n gbé fìtílà wá. Kí wọ́n tó tún ẹ̀rọ náà ṣe, fìtílà ti tò sí iwájú ìtàgé bí ọjà alẹ́. Iná tún kú lẹ́ẹ̀kejì kí eré tó parí, kò sì sí ẹni tó dìde.

Mo pẹ́ lórí òru yẹn nítorí pé inú rẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Bí ẹnikẹ́ni bá dárò pé eré orí ìtàgé ti kú, wọ́n máa ń dá a lóhùn pé kò kú, pé àwọn òṣèré pọ̀ lónìí ju ti ìgbàkígbà lọ, pé inú fóònù ni a ti ń wò wọ́n. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tó kú ni ìrìn náà: kí àwọn tó mọ eré ṣe dìde níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n wá bá ènìyàn ní ìlú rẹ̀, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ìlú lọ́wọ́ ọmọ tó bu omi fún wọn, kí ìlú náà sì rí ara rẹ̀ nínú eré lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Èmi gbà pé ìrìn yẹn ni ọkàn iṣẹ́ náà, àti pé kò sí nǹkan tó tíì rọ́pò rẹ̀.

Orúkọ iṣẹ́ náà pàápàá jẹ́rìí sí i. Alárìnjó ni wọ́n ń pe àwọn baba iṣẹ́ yìí, àwọn tí ń jó tí ń rìn. Èébú ni orúkọ náà níbẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pe ẹlòmíràn ní aláìnílé, kó tó wá di orúkọ iyì. Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì gbé ìpìlẹ̀ wọn lọ sí ààfin Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún 16, láàárín àwọn ọlọ́jẹ̀, ó sì so ó mọ́ orúkọ Ológbìn Ológbojò. Eégún aláré ni wọ́n, wọ́n ń dárà fún Aláàfin kí wọ́n tó di ẹgbẹ́ tí ń gbé idán, ijó àti ẹ̀fẹ̀ kiri ìgboro.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton àti Richard Lander, àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún àwọn àlejò náà, àwọn àlejò sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Àwọn kan wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Erè ńlá kan yọ, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń la ẹnu bí ẹni fẹ́ buni jẹ. Lẹ́yìn náà ni aṣọ bọ́ díẹ̀díẹ̀ lára òṣèré kan tó fi hàn gẹ́gẹ́ bí òyìnbó funfun báláú. Òyìnbó yìí tín-ín-rín, òtútù ń mú un, ó ń fi ọwọ́ kan ra èkejì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń fín aáṣáà, ó sì ń tẹ ilẹ̀ gìn-ìn-gìn-ìn bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí láyé rẹ̀. Inú àwọn ará Ọ̀yọ́ dùn kọjá sísọ, wọ́n sì ń wo ojú àwọn òyìnbó náà bóyá wọ́n dá ara wọn mọ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí ní ọjọ́ orí àgbà, mo rántí ọkùnrin orí odó lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe. Wọ́n wo ẹni tó wà níwájú wọn, wọ́n sì fi í sínú eré.

Ogun abẹ́lé ọ̀rúndún 19 tú Ọ̀yọ́-Ilé ká, ó sì tú àwọn ẹgbẹ́ náà ká pẹ̀lú rẹ̀ sí àwọn ìlú mìíràn. Ibẹ̀ ni ó wà títí Hubert Ògúndé fi dé. Ọmọ Òsósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, wọ́n bí i ní 1916. Kékeré ni ó ti bá eégún aláré jó, ó ṣe olùkọ́, ó sì ṣe ọlọ́pàá. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1944, ó gbé eré kan tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì jáde fún ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ohun tó ṣe, lójú tèmi, ni pé ó gbé orin ìjọ àti ìtàgé tó ní aṣọ ìkélé lé orí ọ̀nà àtijọ́ tí alárìnjó ti là. Ó gbé eré dé Jos, ibi tí ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn ti fòfin de eré rẹ̀ tó dá lórí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945. Ó gbé e dé Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní.

Ní 1964, lẹ́yìn tí ó ṣe “Yorùbá Ronú”, eré tó fi bá àwọn olóṣèlú wí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà, òfin yẹn kò sì ká kúrò títí ìjọba ológun fi dé ní 1966. Ẹ rò ó wò. Iwé ìròyìn wà nígbà náà, rédíò wà, tẹlifíṣọ̀n náà ti wà ní Ìbàdàn láti 1959. Síbẹ̀, ọkọ̀ òṣèré tí ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ba ìjọba lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí ó má rìn mọ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá nínú gbọ̀ngàn ìlú rẹ̀, láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀, kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Kọ́lá Ògúnmọ́lá mú kí ènìyàn rí ọ̀mu ẹmu lórí ìtàgé kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ẹmu. Dúró Ládípọ̀ gbé “Ọba Kò So” jáde ní Òṣogbo ní 1963, ó gbé e lọ sí Berlin ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì tún gbé e padà sí gbọ̀ngàn àwọn ìlú wa, kí àgbẹ̀ lè rí ohun tí àwọn ará Jámánì rí. Oyin Adéjọbí tí ẹsẹ̀ ń dùn láti kékeré kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ dá ìrìn-àjò dúró. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, gbé aago ńlá kọ́ ọrùn, ó wọ awò ojú fẹ̀ǹgẹ̀ fẹ̀ǹgẹ̀, àwọn ọmọdé tí wọ́n ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n sì ń fi ẹkún gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí wọn kí wọ́n lè lọ rí i lójúkojú. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíọ́dún Jéyìífọ̀ ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ní 100.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kò rí i rí. Ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ rán ẹnì kan síwájú. Òun ni yóò lọ rí ọba àti àwọn alákòóso ìlú, tí yóò san owó gbọ̀ngàn, tí yóò sì lẹ bébà mọ́ ògiri ọjà. Lọ́jọ́ eré, ẹni tó ń wakọ̀ lè jẹ́ ẹni tí yóò di ìtàgé, ẹni tó di ìtàgé lè jẹ́ onílù, onílù náà sì lè di ọ̀tá ọba kí eré tó parí. Orí ìtàgé kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sùn sí lẹ́yìn eré. Ìyàwó ọ̀gá ni òṣèré-bìnrin, ọmọ ọ̀gá ni yóò ṣe ọmọ ọba. Ògúndé fẹ́ àwọn òṣèré-bìnrin rẹ̀ kí wọ́n má baà lọ fẹ́ ọkọ síbòmíràn kí ẹgbẹ́ sì tú. Wọn kì í sábà kọ eré sínú ìwé. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ẹgbẹ́ Adéjọbí rìn tó sì bá wọn ṣeré, fi hàn pé láti alẹ́ dé alẹ́ ni eré ń dàgbà lẹ́nu àwọn òṣèré: ọ̀rọ̀ tó pa èrò lẹ́rìn-ín á dúró, èyí tí kò bá wọlé á bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eré ọdún kẹta kì í rí bí eré ọdún kìn-ín-ní mọ́. Ará Ìlá ti fi nǹkan kan kún un, ará Ọ̀wọ̀ ti gé nǹkan kan kúrò.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Fídíò ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, n kò sì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé tẹlifíṣọ̀n ti wà fún ogún ọdún tí eré alárìnká ṣì ń gbilẹ̀. Fíìmù náà kò kọ́kọ́ pa á. Láti ìgbà tí “Àjàní Ògún” ti jáde ní 1976, tí Adéyẹmí Afọláyan, Ògúndé àti àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù tiwọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbé fíìmù náà kiri, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é hàn, sí gbọ̀ngàn kan náà tí wọ́n ti ń jó tẹ́lẹ̀. Ìrìn ṣì wà. Ọ̀gá ṣì ń dìde kí èrò nígbà tí fíìmù bá parí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: kò sí ẹni tó lè sọ fún olorì inú fíìmù pé kó má mu májèlé, kí olorì náà sì dáhùn. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tì.

Owó ló parí èyí tó kù. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó òkè òkun ni wọ́n sì ń san. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní 1986, tí iye náírà sì já wálẹ̀, fíìmù di ohun tí apá ẹgbẹ́ kò ká mọ́. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ́n, táyà wọ́n. Àwọn tó ti ya owó fi ṣe fíìmù rí i pé àwọn olè ti ń da iṣẹ́ wọn kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń tà á lọ́jà, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí “Ọ̀run Móoru” ti Bàbá Sàlá, tó kó gbèsè ńlá bá a. Nígbà tí 1988 fi máa dé, àwọn òṣèré ti ń ya eré tààrà sórí fídíò. Kò ná wọn lówó púpọ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ nílé sì lè wò ó láì jáde.

Láì jáde: ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló ń dùn mí jù. Òru ti yí padà. Eré tó ń parí ní aago méjì òru nígbà èwe mi ni a ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lẹ́yìn rẹ̀, àgbà àti ọmọdé, a ó máa sín òṣèré jẹ lójú ọ̀nà. Nígbà tí àwọn adigunjalè gba ojú ọ̀nà, ìyá wo ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jáde? Ọ̀gá wo ni yóò sì kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀ ní òru láti ìlú kan sí òmíràn? Àwọn ọ̀gá náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúró Ládípọ̀ kú ní 1978, Ògúndé kú ní oṣù Igbe ọdún 1990. Nítorí pé orí ọ̀gá kan àti agbo ilé rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lé, bí ọ̀gá bá ti kú, ogún ni ọkọ̀ àti aṣọ eré á dà, wọ́n á sì pín in.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé adùn nìkan ni mo rí. Ayé àwọn òṣèré yẹn le. Àwọn ọmọ kan wà nínú ọkọ̀ náà tó yẹ kí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́bìnrin tó wọ ẹgbẹ́ nítorí pé ó lè kọrin kì í sábà ní agbára láti sọ fún ọ̀gá pé òun kò fẹ́ ẹ. Àwa tí a ń wòran náà jìyà nígbà mìíràn: ẹgbẹ́ kan wà tó gba owó ẹnu ọ̀nà ní ìlú wa, tó ṣe ìjúbà, tó jó, tó wá palẹ̀ mọ́ nígbà tí òjò dé, tí kò sì dá kọ́bọ̀ kan padà. Ó tó ọdún kan kí àwọn àgbà ìlú tó tún gba ẹgbẹ́ mìíràn láàyè. Bí òṣèré òde òní bá sọ fún mi pé ilé tirẹ̀ ni òun ń sùn, tí àwọn ọmọ òun sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, n kò ní bá a jiyàn, inú mi yóò dùn sí i.

Síbẹ̀, mo mọ ohun tí a sọ nù. Mo máa ń wo eré tí wọ́n ń ṣe báyìí, mo sì fẹ́ràn ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Yorùbá inú wọn ti di ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí gbogbo ènìyàn á gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó bá wọ Èkìtì tẹ́lẹ̀ máa ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀ka èdè Èkìtì dá àpárá. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ Ẹtì á mọ̀ ọ́n lójú èrò lọ́jọ́ Ẹtì náà, á sì tún un ṣe ní Àbámẹ́ta. Gbọ̀ngàn ìlú wa ṣì dúró. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ báyìí, ìtàgé náà sì wà lábẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ kí bàbá kan tó ti ṣe òṣèré alárìnká rí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí ọmọ òun gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan wá láti inú yàrá, ìwé eléèpo dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ó sì ní kí n ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún òun. Ìlú ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìlà kan fún ìlú kan, láti ọdún dé ọdún: ọjọ́, orúkọ ìlú, iye owó tí wọ́n pa, àti ọ̀rọ̀ péréte. “Òjò.” “Wọn kò rẹ́rìn-ín.” “Ọba fún wa ní ewúrẹ́.” “Táyà bẹ́ ní Ìkìrun.” Bí mo bá ti ka ìlú kan, bàbá náà á dárúkọ onígbọ̀ngàn ibẹ̀. Mo ń ṣí i lọ, ọwọ́ mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí n tó dé ibi tí mo ń wá. Orúkọ ìlú wa wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iwájú èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kọ ọ́ pé: “Gbọ̀ngàn kún. Iná kú lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò lọ.”